Bí A Ṣe Ń Yan Férémù àti Ẹ̀yà Kẹ̀kẹ́ Ìrìn Àjò: Láti Orí Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Dé Orí Kéríà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàbọ̀. Iwájú ìsọ̀ mi la wà yìí, n'Ìbàdàn. Mo tètè jáde kí ariwo ọkọ̀ má bàa bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń tú u tí mo ń tò ó. Èyí tí a fẹ́ tò lónìí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta. Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò ni: ẹ máa di ẹrù sí i, ẹ máa gùn ún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó tún gùn ún.

Àǹtí tí ẹ rí lẹ́yìn mi yẹn, tíṣà ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí wá. Wọ́n fẹ́ gbéra n'Ìbàdàn, kí wọ́n gba Ilé-Ifẹ̀ kọjá sí Iléṣà, kí wọ́n gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, kí wọ́n sì wọ Adó-Èkìtì lọ bá ẹbí wọn. Ẹni tó bá ti gba apá ibẹ̀ yẹn rí, àní nínú ọkọ̀, á mọ̀ pé òkè ibẹ̀ kì í ṣe òkè àpọ́nlé. Mọ́tò gan-an ń mí hẹlẹ níbẹ̀.

Kí n tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń ṣe fídíò yìí. Nígbà tí èmi náà kọ́kọ́ fẹ́ rin irú ìrìn yìí, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó dán gbinrin. Férémù rẹ̀, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ tí a ń to gbogbo ẹ̀yà yòókù mọ́, jẹ́ sẹ̀ntímítà 58. Ẹsẹ̀ tèmi, 54 ló yẹ ẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní mo máa mọ́ ọn lára. N kò mọ́ ọn lára. Kí n tó rin wákàtí mẹ́ta, ọrùn ń ro mí, àtàǹpàkò mi ti kú tipiri. Bí ẹni wọ agbádá bàbá rẹ̀ lọ sóko ni mo rí lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Fọkanáísà tó wà nílùú tí mo wà ní táyà kẹ̀kẹ́ rẹpẹtẹ tó so rọ̀, kò sí ọ̀kan tó wọ ríìmù mi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sórí bọ́ọ̀sì, mo padà sílé. Nǹkan méjì ló dá mi padà lọ́jọ́ náà: férémù tí kò bá ara mi mu, àti táyà tí kò sí lójú ọ̀nà tí mo ń gbà. Nǹkan méjì yẹn náà ni a máa fi ṣọ́ gbogbo ohun tí a bá yàn lónìí.

Ó yá. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ògiri tó gún, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ fẹsẹ̀ méjèèjì síra díẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìbú ọwọ́ kan ààbọ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ìwé yẹn. Ìwé tó ní páálí líle ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi sí àárín itan, kí ẹ̀yìn ìwé kọjú sókè, kí etí rẹ̀ kan lé lára ògiri. Ẹ wá fà á sókè títí á fi kan egungun, gẹ́gẹ́ bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ á ṣe kàn án. Ẹ má fà á jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó kàn án dáadáa. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irọ́ lè wà níbẹ̀.

Ti àǹtí jẹ́ 76, 76, 75 ààbọ̀. A ó lo 76.

Ẹ má fi ṣòkòtò wọn ara yín o. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ ṣòkòtò kì í ṣe nọ́ńbà ẹsẹ̀ yín, ó máa ń dín sí i dáadáa. Ẹ má sì fi gíga yín nìkan yan férémù, torí èèyàn méjì lè ga bákan náà kí ẹsẹ̀ ẹnì kan gùn, kí àyà ẹnì kejì gùn.

Férémù kẹ̀kẹ́ títì, èyí tí ọ̀pá òkè rẹ̀ tẹ́jú, ẹ fi 0.66 ṣe ìsọdipúpọ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín. 76 lọ́nà 0.66, bíi sẹ̀ntímítà 50 nìyẹn. Férémù kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tí ọ̀pá òkè rẹ̀ dagun wá sẹ́yìn, íńṣì ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ fi 0.225 ṣe ìsọdipúpọ̀ sẹ̀ntímítà ẹsẹ̀ yín, íńṣì ló máa jáde. 76 lọ́nà 0.225, íńṣì 17 àti díẹ̀. Nítorí náà, íńṣì 17 là ń wá.

Níbo lẹ ó ti wọn férémù? Àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí, láàárín géérégé, lẹ ó fi ìdí tépù sí, kẹ́ ẹ wá gòkè lára ọ̀pá ìjókòó dé ibi tí férémù parí sí. Ẹ má wọn ọ̀pá tí ìjókòó fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ń gòkè ń sọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń wọn tirẹ̀, ẹ fi tépù yín ṣèdájọ́.

Tí ẹ bá bọ́ sí àárín ìwọ̀n méjì ńkọ́? Èmi máa ń mú èyí tó kéré. A lè fa ọ̀pá ìjókòó sókè, a lè pààrọ̀ ọrùn híńdù, ìyẹn irin tó gbé ibi tí ẹ ń fọwọ́ mú dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gé férémù ńlá kúrú. Àmọ́ ẹ má sọ̀ ju ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ. Férémù tó bá kéré jù, gìgísẹ̀ yín á máa gbá báàgì tó wà lẹ́yìn, híńdù á sì rẹlẹ̀ débi tí ẹ̀yìn yín á fi tẹ̀ kọdọrọ.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn nípa gíga: ẹ wọ bàtà, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá òkè, ẹ dúró. Ó kéré tán, àlàfo sẹ̀ntímítà 5 gbọ́dọ̀ wà láàárín yín àti ọ̀pá. Ọjọ́ tí ẹrù bá fẹ́ dà yín nù lórí yanrìn, tí ẹ ní láti fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lójijì, ẹ ó mọ ìwúlò àlàfo yẹn.

Ẹ tẹ̀ lé mi wá síbí. Férémù mẹ́ta ni mo tò sílẹ̀ yìí.

Mágínẹ́ẹ̀tì rèé, inú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Ẹ wò ó. Mo gbé e lé èyí àkọ́kọ́, ó já bọ́. Alumíníọ̀mù ni. Mo gbé e lé ìkejì, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbáà. Irin ni. Ìkẹta náà, irin. Alumíníọ̀mù kì í ṣe nǹkan burúkú, ó fúyẹ́, kì í dípẹtà. Ṣùgbọ́n tó bá sán lọ́nà, wẹ́dà ẹ̀bá títì kò lè jó o. Irin ni wọ́n mọ̀ ọ́n jó, ìlú tí kò ní wẹ́dà kò sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Irin tí wọ́n po kurómíọ̀mù àti mọlibudẹ́nọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ dára gan-an fún kẹ̀kẹ́. Ẹ ó máa rí 4130 tàbí Cro-Mo lára rẹ̀. Ara ọ̀pá rẹ̀ fẹ́lẹ́ o, tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ẹ sọ fún un kó fi iná kékeré jó o, kó má bàa lu ihò sí i.

Ti alumíníọ̀mù yìí tún ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Kò ní ibi tí kéríà máa dè mọ́. Mo gbé e sẹ́yìn. Ìkejì jẹ́ kẹ̀kẹ́ eré ìje, 54. Kò bá ẹsẹ̀ àǹtí mu, àlàfo tó wà níbi fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú, kò sì lè gba táyà tó nípọn. Ìkẹta, kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó máa fi sípíríǹgì sí fọ́ọ̀kì gbogbo kẹ̀kẹ́. Íńṣì 17. Irú kẹ̀kẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, ẹ lè fi owó táṣẹ́rẹ́ rí i níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, torí pé àwọn èèyàn ń wá èyí tó ní sípíríǹgì.

Àmọ́ ẹ má tíì sanwó. Tòkunbọ̀ ni, a ò mọ ibi tó ti já bọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ tú bóòtù ìjókòó, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti yí ọ̀pá ìjókòó. Tí kò bá yí, ó ti há síbẹ̀. Mo ti lo odidi ọjọ́ méjì lórí ọ̀pá kan tó há. Ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Èkejì, ẹ fi àkísà tútù nu ọrùn kẹ̀kẹ́ lábẹ́, níbi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ọn. Ẹ fi èékánná lọ́ ọ wò. Tí ọ̀dà bá wú tàbí tó wúnjọ bí awọ àgbà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ yẹn ti fi iwájú gbá nǹkan. Ẹ wo ìdí pẹ́dà náà, àti ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ló máa ń sán.

Ẹ̀kẹta, èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi han ọmọ iṣẹ́. Òwú lásán ni. Mo so ó mọ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ lápá òsì, mo nà án lọ sí iwájú, mo yí i ká ọrùn kẹ̀kẹ́, mo dá a padà sí ibi táyà lápá ọ̀tún, mo so ó kó le dandan. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òwú àti ọ̀pá ìjókòó. Òsì, mìlímítà 31. Ọ̀tún, mìlímítà 31. Férémù yìí gún. Ká ní ó jẹ́ 28 lápá kan àti 34 lápá kejì ni, kẹ̀kẹ́ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gbogbo ọ̀nà, á máa jẹ táyà, àǹtí á sì máa rò pé ara àwọn ni kò le.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá ihò kéríà. Ẹ rí ihò kékeré yìí, lókè ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀? Bóòtù mìlímítà 5 ló ń gbà. Méjì tún wà lókè níbí. Láìsí wọn, okùn àti wáyà lẹ ó máa fi so kéríà, kì í sì í pẹ́ já.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wọn láti àárín ìdí pẹ́dà dé àárín ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀. Ti kẹ̀kẹ́ eré ìje yẹn kò ju sẹ̀ntímítà 41 lọ. Tiwa yìí jẹ́ 43. Ẹsẹ̀ àǹtí kéré, 39 ni bàtà wọn, 43 á tó wọn. Ẹni tó bá ń wọ bàtà 45, kó máa wá 44 tàbí 45, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má bàa kan báàgì.

Férémù ti dúró. Ó kan táyà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé íńṣì 26 kan náà ni gbogbo íńṣì 26. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara táyà, nọ́ńbà kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í purọ́. Ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, 559 ni. Ìyẹn ni mìlímítà ibi tí táyà jókòó sí lórí ríìmù. Táyà kan wà tí wọ́n kọ 26 pẹ̀lú 1 3/8 sí lára. 590 ni tirẹ̀, kò lè wọ 559 láé. Kẹ̀kẹ́ eré ìje jẹ́ 622, òun ló dá mi padà lọ́jọ́ sí. Kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ oko, íńṣì 28, jẹ́ 635.

Nílẹ̀ wa níbí, 559 ni mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn fọkanáísà àti nínú ọjà, torí òun ni kẹ̀kẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ń lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án. Tó bá jẹ́ Jámánì tàbí Faransé lẹ ti fẹ́ gùn, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, 622 kún ibẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Fún ẹrù àti títì tiwa, ẹ lo táyà tó fẹ̀ ní 1.75 tàbí 2.0, kí ara rẹ̀ má ní eyín ńláńlá. Eyín ńlá wà fún ẹrẹ̀, orí ọ̀dà ó kàn ń jẹ yín lágbára ni.

Ẹnu tíúbù: ẹ lo èyí tó rí bíi ti mọ́tò. Fọkanáísà èyíkéyìí á lè fa atẹ́gùn sí i. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń lo ẹnu kékeré, ẹ ní láti gbé pọ́ọ̀ǹpù tirẹ̀ dání.

Ríìmù àti họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà tí sípóòkù ń so mọ́. Ẹ ka sípóòkù. Táyà ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù jù, 36 ni mo fẹ́ níbẹ̀. Iwájú lè jẹ́ 32. Èyí tó ní 24 tàbí 28, tó rẹwà lójú, kì í ṣe ti ẹrù. Wàyí o, ẹ fi ìka ta sípóòkù bẹ́ ẹ ṣe ń ta okùn gìtá. Ẹ gbọ́. Apá kan náà gbọ́dọ̀ máa ní ohùn tó jọra. Bí ọ̀kan bá dún *bùù* láàárín àwọn tó ń dún *tíín*, ó ti dẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí sípóòkù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í já níbẹ̀. Lẹ́yìn, ohùn apá ọ̀tún máa ń ga ju ti òsì lọ nítorí gíà tó gba àyè níbẹ̀. Kò sí àléébù níbẹ̀. Onílù létí, oníkẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ létí.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ẹ má lo èyí tí wọ́n ń yí fìríwíìlì mọ́ lára bí ìdérí ìgò tí ẹ bá fẹ́ di ẹrù tó wúwo sí i. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ lápá ọ̀tún jìnnà sí etí, torí náà ṣáàfù á gbé ìwúwo sófo, á tẹ̀, á dá. Mo ti yọ ṣáàfù tó dá kúrò lára irú rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ẹ lo èyí tí kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ eyín gíà ẹ̀yìn, ń wọ̀ mọ́ lára, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sún mọ́ etí gan-an.

Gíà. Ọ̀rọ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n dé nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ ka eyín iwájú, ẹ fi eyín ẹ̀yìn pín in, ẹ fi íńṣì táyà sọ ọ́ di púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ eré ìje tó wà nílẹ̀ yìí, eyín tó kéré jù níwájú jẹ́ 39, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn jẹ́ 25, táyà bíi 27. Ó fún wa ní 42. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí pẹ́dà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ síwájú ní mítà 3.36. Lórí òkè, pẹ̀lú ẹrù kílò 15, orúnkún á sunkún. Ti àǹtí, mo fi 22 síwájú, 34 sẹ́yìn, táyà 26. Kò tó 17. Pẹ́dà yí po lẹ́ẹ̀kan, mítà 1.34. Kẹ̀kẹ́ á lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yí wéréwéré, èémí á bá a dọ́gba, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ìmọ̀ràn mi ni kí gíà kékeré yín wà ní 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gíà kékeré jẹ́ ti ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá gun òkè pẹ̀lú gíà ńlá lọ́jọ́ kìíní, orúnkún rẹ̀ ló máa san gbèsè lọ́jọ́ kejì.

Iwájú ní mẹ́ta: 22, 32, 44. Ẹ̀yìn ní mẹ́jọ. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ dára fún wa torí ṣéènì rẹ̀ nípọn díẹ̀, ó ń pẹ́, ó sì rọrùn láti rí. Ti 11 àti 12 fẹ́lẹ́, owó rẹ̀ sì wọ́n.

Bíréèkì kò gbà wá lásìkò púpọ̀. Ti wáyà ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó ń di ríìmù mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti ọ́ìlì ń múlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì bá jò lábúlé, kò sẹ́ni tó máa bá yín fà á. Ẹ gbé wáyà kan àti rọ́bà bíréèkì méjì dání.

Ìjókòó ńkọ́? Ẹ gbé páálí tó ní ìlà nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń di Indomie, lé orí àga líle. Ẹ jókòó lé e, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ dìde. Ibi méjì máa tẹ̀ wọnú: egungun ìdí yín nìyẹn. Ẹ wọn láti àárín ìkan dé àárín ìkejì, ẹ fi bíi sẹ̀ntímítà 2 kún un, ìbú ìjókòó yín ló jáde yẹn. Ti àǹtí jẹ́ 13, a fún wọn ní 15. Ẹ sá fún ìjókòó tó rọ̀ bíi fóòmù bẹ́ẹ̀dì. Ó ń dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn wákàtí méjì ó ti ń ha ara.

Gíga ìjókòó: ìwọ̀n ẹsẹ̀ lọ́nà 0.883. 76 fún wa ní sẹ̀ntímítà 67, láti àárín ìdí pẹ́dà dé orí ìjókòó. Ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí dagun. Ní ti híńdù, ìgbọ̀nwọ́ yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ti àǹtí nà jù, ẹ rí i. Mo yọ ọrùn híńdù mìlímítà 110, mo fi 70 rọ́pò. Ẹ wo èjìká wọn báyìí, ó ti rọ̀.

Kéríà, irin ni kó jẹ́, nítorí wẹ́dà tí mo ti sọ. Ẹ fi wáṣà onísípíríǹgì sábẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so bóòtù méjì mìíràn tí ẹ ó fi rọ́pò mọ́ ibì kan lára férémù. Òpópónà wa máa ń tú bóòtù. Báàgì méjì yìí, télọ̀ àdúgbò ló fi tàpólì rán wọn. Nǹkan tó wúwo ń lọ sísàlẹ̀, kí báàgì méjèèjì sì wúwo dọ́gba.

A ti tò ó tán. Àǹtí, ẹ gùn ún pẹ̀lú ẹrù, ẹ gòkè Mọ́kọ́lá kẹ́ ẹ padà wá.

Wọ́n ti dé. "Bọ̀dá, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ń kan báàgì nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an." Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ. A ó tú ìkọ́ báàgì, a ó sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ntímítà 2. Ẹ tún gùn ún. Ṣé ó ṣì ń kàn án? Kò kàn án mọ́. Ẹ gbé e padà wá fún mi tí ẹ bá ti gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìlú, kẹ́ ẹ tó lọ Èkìtì. Sípóòkù tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ fetí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.